Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Òkìtì Òwú

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ohùn Ìyá Ariwo ṣe tó, kó lọ bi àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bó bá sín ní kíṣìnnì, ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì á kí i pẹ̀lẹ́. Bó bá ń gbàdúrà láàárọ̀, gbogbo ilé ló ń ṣe àmín, títí kan àwọn tí àdúrà náà ń bá wí. Kì í ṣe ìwà ìyájú, iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́, nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì ń gba orí àga kan ṣoṣo, ló ti ń hun kúbùsù ní ilé iṣẹ́ ńlá kan lẹ́yìn ojú irin, ó sì ti di ìyá àgbà sídìí ẹ̀rọ kan náà.

Ẹni tí kò bá wọ gbọ̀ngán ìhunṣọ rí kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ariwo. Ẹ̀rọ tò lọ bí ọmọ ogun, ìlà lẹ́yìn ìlà. Nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni igi kan wà tí wọ́n ń pè ní ọ̀kọ̀. Òun ló ń gbé òwú sáré lọ sọ́tùn-ún, tó tún ń gbé e sáré bọ̀ sósì, gbogbo ìgbà tó bá sì dé etí ẹ̀rọ, gbàmù ni. Ẹ wá sọ gbàmù kan di ọgọ́rùn-ún gbàmù. Bí òkúta bá ń rọ̀ bí òjò sórí páànù, ìsinmi nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú ẹni pariwo níbẹ̀, atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ nìkan lèèyàn máa rí gbà, àti òórùn ohun tó jẹ láàárọ̀.

Nítorí náà, àwọn ahunṣọ kì í fi ohùn sọ̀rọ̀. Ètè ni wọ́n ń kà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ran ètè lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ ṣe ikùn rogodo níwájú ara rẹ̀, ọ̀gá ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá fa etí, òfófó ti dé. Bó bá gbọn èjìká méjèèjì nù, ọkọ rẹ̀ ló tún ti ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n lè jà láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngán kan dé ìkejì, kí wọ́n bú ara wọn dọ́ba, kí wọ́n sì parí ìjà náà láìjẹ́ pé òwú ẹnikẹ́ni já. Àmọ́ bí wọ́n bá jáde síta tán, tí etí wọn ṣì ń hó, ẹnu á máa pariwo láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ahunṣọ, ìkéde ni fún ẹlòmíràn.

Ìyá Ariwo ló mọ èdè ọwọ́ yìí jù. Yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ti mú kí obìnrin kan tọ̀ sára nídìí ẹ̀rọ rí, obìnrin náà kò sì bínú. Ó ní ẹ̀rín náà ju ìtọ̀ náà lọ. Ìdí nìyí tó fi ya gbogbo ìlà wọn lẹ́nu nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ oore ló ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rí iṣẹ́ gidi ní ìlú tó jìnnà, iṣẹ́ tó ti ń wá tipẹ́tipẹ́. Ó kó ẹrù, ó sì mú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré dání. Pẹ́pẹ́yẹ ni Ìyá Ariwo ń pe ọmọ yìí nítorí ìrìn rẹ̀. Òun ló wẹ̀ ẹ́ látìgbà tí wọ́n ti bí i, àyà rẹ̀ ni ọmọ náà ń sùn lé, ohùn ìyá àgbà náà ni ọmọ sì jogún: bó bá ń jẹun, ó ń kọrin, bó bá ń tọ̀, ó ń kọrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Ìyá Ariwo jó, ó súre, ó bá wọn gbé àpò dé inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì gbọ́ ohunkóhun.

Ìdákẹ́jẹ́ wá jókòó sínú ilé bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Oorun sá. Ó tan rédíò, àmọ́ rédíò kì í tọrọ omi mu. Níkẹyìn ó ká ẹní rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ilé ìwẹ̀, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi díẹ̀ kí omi máa kán tó, tó, tó sínú korobá, kí nǹkan kan ṣáà máa dún nítòsí òun. Àgbàlagbà bíi tòun, ó sùn sílé ìwẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó rín ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu.

Èyí tó ń dùn ún jù ni pé kò rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún. Ta ní í sunkún nítorí oore? Bó bá sọ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ á fẹ́ kó ẹrù padà. Bó bá sọ ọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n á ní orí ìyá ti dàrú. Ó bá gbé e mì, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń fi bọ́tìnnì sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìran tí ojú ẹlẹ́kún ń rí kò mọ́ tó láti rí òwú. Bí òwú kan bá já nínú ẹ̀rọ, ahunṣọ gbọ́dọ̀ tètè dá ẹ̀rọ dúró kó sì so ó. Bí kò bá rí i, ẹ̀rọ á máa hun lọ, ihò á sì máa gùn lọ láàárín kúbùsù. Kúbùsù àkọ́kọ́ tí Ìyá Ariwo bà jẹ́, ihò inú rẹ̀ gba orí. Obìnrin tín-ín-rín tó wà nídìí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, fi ọwọ́ sọ fún un pé kó kúkú bọ̀ ọ́ sọ́rùn, ẹ̀wù tuntun ti délẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìkejì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Òfin ilé iṣẹ́ ni pé ẹni tó bá ba ẹ̀kẹta jẹ́, wọ́n á gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sí yàrá ìkẹ́rù. Wọn kì í dín owó rẹ̀ kù, wọn kì í sì bú u. Àga wà níbẹ̀, fèrèsé wà níbẹ̀, kí èèyàn ṣáà máa ká kúbùsù, kó máa kì í sínú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ dákẹ́ débi pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń gbọ́ ìgbà tí inú ara wọn bá kùn. Ìdákẹ́jẹ́ nílé, ìdákẹ́jẹ́ níbi iṣẹ́. Ìyá Ariwo mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé òun lọ síbẹ̀, òun ti tán nìyẹn.

Ọ̀gá gbọ̀ngán náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà sanra, ó láàánú, ó sì máa ń làágùn bó bá fẹ́ sọ ohun tí kò dùn. Ó pe Ìyá Ariwo síta, ó nu ojú, ó nu ọrùn, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò jọ ti ọwọ́ lójú òun, ó jọ ti ọkàn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ rí Nọ́ọ̀sì Ọkàn kí ẹ̀kẹta tó ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọkàn ni àwọn ahunṣọ ń pe obìnrin tí ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa fetí sí òṣìṣẹ́ tí ìrònú bá ti wọ̀ lọ́rùn. Wọ́n fi pákó gé igun kan lára yàrá ìjẹun fún un, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n gbé àga onítìmùtìmù méjì síbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó kan nínú ìkòkò. Mánéjà ti dúró níwájú gbogbo wọn, ó ní ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú yàrá yẹn, ibẹ̀ ló máa kú sí. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ kankan kò tẹ ibẹ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tóun ti ń wọlé, kí wọ́n ní orí òun ti yí? Ìyá Ariwo alára ló fi ọwọ́ dápàárá pé òdòdó yẹn nìkan ló níṣòro nínú gbogbo ilé iṣẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa gbọ́ tirẹ̀. Gbogbo ìlà rọ́ lulẹ̀ fún ẹ̀rín lọ́jọ́ náà. Òun náà ló wá fẹ́ lọ bá òdòdó jókòó yìí.

Ó dúró di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, ó gbà pé bí kálukú bá ti gbé abọ́, inú abọ́ lojú rẹ̀ máa wà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbọn-in.

Nọ́ọ̀sì Ọkàn kò tíì dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń dákẹ́ de èèyàn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó bu omi fún un, kò sì bi í ní nǹkan kan. Ìyá Ariwo wo òdòdó, ó wo ògiri, ó wá tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lójú tirẹ̀ o, wúyẹ́wúyẹ́ ni.

Ó sọ ti Pẹ́pẹ́yẹ. Ó sọ ti ẹní ilé ìwẹ̀ àti korobá, pé bí omi bá dúró, àyà òun á já, àti pé ilé ìgbẹ́ ibi iṣẹ́ lòun ń sá wọ̀ lọ sunkún. Ó ní òun ń gbóòórùn ẹ̀wù kékeré tí ọmọ náà gbàgbé sílẹ̀, bí ajá tó ń wá egungun. Níbi tó dé yìí, Nọ́ọ̀sì Ọkàn wo ògiri pákó, ó rọra fọwọ́ kàn án lórúnkún.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká rọra sọ̀rọ̀."

"Ọmọ mi, mo ń rọra. Èyí tó rọra jù tí mo ní nìyí."

Ó sì ń bá a lọ, nítorí ikùn tó ti dì pọ̀ látọjọ́ yìí ti rí ọ̀nà tú. Ó ní èèyàn dáadáa ni ọ̀gá gbọ̀ngán, àmọ́ ikùn rẹ̀ ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, òun kì í sì mọ èwo lòun máa kí nínú àwọn méjèèjì. Ó ní ẹ̀rù yàrá ìkẹ́rù ń ba òun ju ẹ̀rù ikú lọ. Ó ní òun kì í lè rẹ́rìn-ín mọ́ nítorí bí ẹ̀rín bá ṣílẹ̀kùn, ẹkún ló máa jáde. Ẹkún náà sì jáde lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì Ọkàn fi àga tirẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi rọlẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ariwo fun imú tán, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ti ẹni tó sọ igi kalẹ̀. Ó dúpẹ́, ó tún gèlè ṣe, ó ṣílẹ̀kùn.

Kò sí ẹni tó ń jẹun. Ṣíbí gbogbo yàrá ló dúró sókè láàárín abọ́ àti ẹnu. Ẹni tó ń bu omi ti gbàgbé ife rẹ̀, omi ń dà sí bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá gbọ̀ngán jókòó sáàárín wọn, ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì bo ikùn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá Ariwo wo ògiri pákó, ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó, ó wá yé e. Ó mú àpò rẹ̀, ó sì gba ilé lọ láìdágbére.

Lọ́jọ́ kejì kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó sójú kan, ojú ń tì í bí ẹni tí ìró já lára rẹ̀ láàárín títì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ló ń padà wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ní ikùn ló sì ń padà wá jù. Ó pinnu pé òun fúnra òun lòun máa bẹ ọ̀gá kó gbé òun lọ sí yàrá ìkẹ́rù. Ó sàn kí òun kú síbi ìdákẹ́jẹ́ ju kí òun máa hunṣọ lójú àwọn tó mọ̀ pé òun ń sùn sílé ìwẹ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tán tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló dé, ó gbé òróǹbó dání, Nọ́ọ̀sì Ọkàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ariwo kò rí ibi wọlẹ̀ sí. Ó ní kí wọ́n jókòó. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mú àga, Nọ́ọ̀sì Ọkàn kò fẹ́ gba àga onílé, ló bá jókòó sórí ẹní tó wà ní ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ìyá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀," ló wí. "Wọ́n ṣèlérí fún yín pé ọ̀rọ̀ yín máa kú sínú yàrá yẹn, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì dán ògiri rẹ̀ wò. Ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe ẹ̀bi ohùn yín."

Látọjọ́ tí Ìyá Ariwo ti dáyé, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ẹ̀bi kì í ṣe ti ohùn rẹ̀. Ó ní kò burú, ó ti tán, kí wọ́n ṣáà bá òun sọ fún ọ̀gá kó gbé òun lọ síbi ìkẹ́rù, nítorí òun kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ojú ta ni ẹ ò lè wò, Ìyá mi?" ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í. "Ṣé ojú àwọn tó ń sunkún nílé ìgbẹ́ ni?"

Ó wá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá tó ń fi epo sẹ́nu ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé òun náà kì í sùn, pé látìgbà tí ìyàwó òun ti kú, ìta ilé lòun ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí òun má bàa wọlé. Obìnrin kan ní ìlà ìpẹ̀kun ní òun máa ń wọ ilé ìgbẹ́ lọ sunkún, pé òun ń gbọ́ ẹkún míì lẹ́yìn ògiri, òun sì rò pé gbohùngbohùn ẹkún òun ni, àṣé Ìyá Ariwo ló ń sun tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní wọ yàrá aláwọ̀ ewé yẹn láéláé, nítorí àwọn ti gbọ́ bó ṣe ń pa àṣírí mọ́.

Bí Nọ́ọ̀sì Ọkàn ṣe ń mí kanlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, ó rí i pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ìka méjì, ó yí wọn, ó ṣu ètè jọ sí Ìyá Ariwo lókè orí òun, Ìyá Ariwo sì ya ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kò sí nǹkan. Ìyá Ariwo ní òun kò tún ní fi nǹkan pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, ohun tí àṣírí ti fojú òun rí tó.

"Ó ní orí ẹní tí mo fi ń sùn nílé ìwẹ̀ lẹ jókòó sí. Ó ní omi ti kún inú rẹ̀, ká sọ fún yín ni, àbí ká jẹ́ kó yé yín fúnra yín."

Nọ́ọ̀sì Ọkàn dìde. Ìdí yẹ̀rì rẹ̀ tutù rinrin bí ti ọmọ ọwọ́. Ó fọwọ́ kàn án, ó wo ọwọ́, ẹ̀rín bá bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gidi tí kì í ṣe ti iṣẹ́, Ìyá Ariwo sì bá a rín in. Ẹkún tí Ìyá Ariwo ń bẹ̀rù kò tẹ̀ lé e jáde lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n mí tán, nọ́ọ̀sì wọ ìró Ìyá Ariwo, tó lè yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí wọ́n fi èdè yẹn han òun. Wọ́n fi hàn án. Ó béèrè bóyá èdè náà ni wọ́n fi ń sọ ohun tó bá ń dùn wọ́n. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, sí ẹni tó bá wà nítòsí, àmọ́ gbogbo gbọ̀ngán ló ń ka ètè, ìyẹn ni wọn kì í fi sọ èyí tó wọra.

Nọ́ọ̀sì Ọkàn ń bó òróǹbó. Ó wá bi wọ́n bóyá ibì kan wà nínú gbọ̀ngán náà tí ojú kankan kò ti lè rí ètè èèyàn. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ẹ̀yìn òkìtì òwú ni.

Òwú tí wọn kò tíì lò ni wọ́n máa ń tò jọ sí ìpẹ̀kun gbọ̀ngán, ó ga ju orí èèyàn lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ nibi tí àwọn tọkọtaya kan ti fẹ́ra wọn sọ́nà rí, kí wọ́n tó mọ̀ pé ara ń yúnni níbẹ̀. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì gbé àga kékeré méjì lọ, tó sì ń jókòó de ẹni tó bá wá. Ariwo ẹ̀rọ bo ohùn, òwú bo ojú. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á fi ẹnu sí nọ́ọ̀sì létí gan-an, nọ́ọ̀sì náà á sì fi ẹnu sí tirẹ̀. Ìyá Ariwo lè ké bí àkùkọ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Ó ku ohun kan. Ahunṣọ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Nọ́ọ̀sì lọ bá ọ̀gá gbọ̀ngán pé bí ẹnì kan bá gbé ọwọ́ dídì lé àyà, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá a mójú tó ẹ̀rọ títí yóò fi dé, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè ibi tó lọ. Ọ̀gá làágùn. Ó ní ẹnì kan sí ẹ̀rọ méjì, ṣé wọn kò ní ba kúbùsù jẹ́? Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó ń sunkún sí ẹ̀rọ kan ti ń bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá rò ó, ó ní kí wọ́n dán an wò, ṣùgbọ́n òfin kúbùsù kẹta wà níbẹ̀ gbọn-in, òun kò lè yí i.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ariwo ṣe padà, pẹ̀lú ẹ̀kẹta náà lórí bí ẹyin. Ó wọlé láàárọ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ya ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì na ọwọ́ sí ikùn ara rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kó máa wọlé lọ níwájú, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rín gba gbọ̀ngán kan. Ìyá Ariwo kúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó kí ikùn náà kú àárọ̀, ó wá kí ẹni tó ni ín. Ìtìjú bá ibẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Ìtìjú lọ, ìbànújẹ́ kò bá a lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ kúbùsù ọmọdé dé, kéékèèké, aláwọ̀ òfeefèé. Ìyá Ariwo wo èyí tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, ó rí i pé gígùn Pẹ́pẹ́yẹ gan-an ni. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Òwú di kùrukùru. Tẹ́lẹ̀, á fọwọ́ nù ún, á fi agídí máa bá a lọ. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti ń lọ síbi ojú kó tó rántí. Ó di ọwọ́, ó gbé e lé àyà.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ẹsẹ̀ tín-ín-rín yẹn kọjá, ó dúró sáàárín ẹ̀rọ méjì, ó sì mi orí pé kó máa lọ. Ìyá Ariwo kò tíì dé ẹ̀yìn òkìtì òwú tí òwú kan já lẹ́rọ rẹ̀. Ó wẹ̀yìn, ó rí i, ó fẹ́ sáré padà. Ṣùgbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dá ẹ̀rọ dúró, ó ti ń so ó.

Lẹ́yìn òkìtì, ó sunkún, ó sọ̀rọ̀ sétí nọ́ọ̀sì débi pé nọ́ọ̀sì ń ṣẹ́jú. Nígbà tó sọ tán, nọ́ọ̀sì fi ẹnu sí tirẹ̀ létí, ó bi í bóyá ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé àárò wọn ń sọ ọ́. Ó ní kò mọ̀, òun kì í jẹ́ kó mọ̀, bí wọ́n bá pè lórí fóònù, òun á ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

"Ẹ̀ ń fi pa mọ́ fún wọn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣé ó dá yín lójú pé àwọn náà ò fi nǹkan pa mọ́ fún yín?"

Ó tún rọ̀ ọ́ pé kó lọ rí dókítà nítorí oorun, Ìyá Ariwo sì lọ. Àmọ́ fóònù ló kọ́kọ́ gbé. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé inú òun dùn sí iṣẹ́ náà, kó má ṣe padà wá o, ṣùgbọ́n ilé ti dákẹ́ jù. Ọmọ bú sẹ́kún lọ́hùn-ún pé Pẹ́pẹ́yẹ kò kọrin mọ́ látìgbà tí wọ́n ti dé, pé òun kò fẹ́ kí ìyá òun gbọ́ kó má bàa ronú. Èyí bo tìhín, ìyẹn bo tọ̀hún, ọmọ kékeré wà láàárín. Láti ìgbà náà, bí Pẹ́pẹ́yẹ bá fẹ́ jẹun ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé fóònù sórí tábìlì, ìyá àgbà náà á gbé abọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ níhìn-ín. Kí oúnjẹ tó tán, ẹni tó ń kọrin á ti máa bá ẹni tó ń kọrin jà lórí ohùn. Oorun kò padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Ìyá Ariwo rẹjú sórí bẹ́ẹ̀dì, tó hanrun, aládùúgbò wá wò ó bóyá ó ń kú lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ kúbùsù ọmọdé náà wò, ọ̀gá gbé èyí tí Ìyá Ariwo hun ní ọjọ́ ẹkún yẹn sórí tábìlì, ó tan iná sí i. Gbogbo ìlà ló ń fi ìdajì ojú ṣiṣẹ́. Ọ̀gá fi ìka tọ kúbùsù náà láti etí dé etí. Ìka rẹ̀ dúró. Ìyá Ariwo tó dúró tì í rí i pé òógùn ti ń yọ lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu sí i létí.

"Kókó kan wà níbí."

"Kókó ni, ọ̀gá. Kì í ṣe ihò."

Ọ̀gá tún fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó gbé kúbùsù náà sókè, ó fi wo iná, iná kò kọjá níbì kankan. Ó ká a jẹ́jẹ́, ó gbé e lé orí àwọn tó dára.

"Kókó kì í jẹ́ kí òtútù wọlé," ló wí. "Ẹ padà sídìí ẹ̀rọ yín, Ìyá."

Ìyá Ariwo padà. Kò jó, nítorí kò sáyè láàárín ẹ̀rọ fún ìdí rẹ̀ láti jó, ṣùgbọ́n ìdí náà gbìyànjú. Ó ṣí ẹ̀rọ, gbàmù bẹ̀rẹ̀. Kò tíì hun jìnnà tí ó gbé ojú, tó rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó di ọwọ́, tó gbé e lé àyà.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í sọ ohun tó ń ṣe é. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ìyá Ariwo kò bi í ní nǹkan kan. Ó gbé ara rẹ̀ ńlá dìde, ó fi ẹsẹ̀ kan síbí, ó fi èkejì sọ́hùn-ún, ó mi orí pé kó máa lọ. Láti ìlà kejì, ẹnì kan fi ọwọ́ sọ pé irú ìdí tó gbòòrò báyìí, ó yẹ kí wọ́n fún un ní ẹ̀rọ mẹ́ta. Ìyá Ariwo dá a lóhùn pé kí wọ́n gbé ìkẹta wá. Òwú kan já lápá òsì. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó so ó, ó ṣí i padà, ó sì yí ìdí sápá ọ̀tún, níbi tí ẹ̀rọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń hun lọ geere.